Sin Ìyá Ọkọ Rẹ Dé Ẹnu Ọ̀nà Tẹ́ńpìlì

Ellenwood, Georgia.

Ìbùkún mi, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Kiran ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé Mídé ti jáwọ́ nínú bàtà jíjẹ? Daddy rẹ ní kí n kí ọ. Ó wà níwájú tẹlifíṣàn, ó ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Má jẹ́ kí ìwé gígùn yìí já ọ láyà. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, “Mummy, I'm driving.” Bí mo bá dúró kí o dé ibi tí ò ń lọ, wàá ní, “Mummy, I'm on shift.” Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, wàá gbọ́ ìdajì, wàá wá fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Daddy rẹ ni yóò gbé e wá fún ọ nílé yín ní Fairburn. Jókòó kà á, kí o ka gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Lọ. Bá ìyá ọkọ rẹ lọ. Mo ti sọ ọ́ báyìí, ọkàn mi fúyẹ́. Ìyókù tí mo fẹ́ kọ, àlàyé ni, ìwọ náà sì mọ̀ pé èmi àti àlàyé, ọ̀rẹ́ ni wá.

Nígbà tí o sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Ammá, ìyá Kiran, fẹ́ kí o sin òun lọ sí Íńdíà, kí òun lè lọ san ẹ̀jẹ́ ní tẹ́ńpìlì Híńdù tó wà lórí òkè Tirupati, kí ẹ sì ti ibẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì mìíràn ní Rameswaram, etí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ariwo mi. Mo ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Mo ní ṣé ọkọ ni mo ní kí o lọ fẹ́ ni, àbí òrìṣà ni mo ní kí o lọ bọ. O ò bá mi jiyàn. O kàn ní, “Okay, Mummy. Ẹ ṣeun.” Ìbùkún, “ẹ ṣeun” yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lọ́fun. Ọmọ tó máa ń bá mi jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ló wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ọ́.

Mo sì mọ bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Kiran ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, wọn kò ní fún un láyè. Orúnkún Ammá kò gbé e mọ́, àtọ̀gbẹ sì wà lára rẹ̀. Bí o kò bá lọ, kò lè dá lọ. Ó sì ti sọ pé òun kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì títí ìwọ yóò fi dá òun lóhùn. Ẹ̀jẹ́ tó sì fẹ́ lọ san yìí, orí Mídé ló jẹ́ ẹ lé. Èmi nìkan ni mo dúró sí ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

Ta ló wá gbà mí kúrò lójú ọ̀nà? Ammá fúnra rẹ̀ ni. Ó pè mí, ó ní, “Sister, come and see where I go. After that, you can say no.” O ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà? Bí mo ṣe gbà nìyẹn pé màá bá a lọ sí tẹ́ńpìlì wọn tí kò jìnnà sí wa níbí, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. N kò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín.

Máa rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, torí ohun tí mo ṣe níbẹ̀ tó ẹ̀rín. Ṣé o mọ̀ pé èèyàn kì í lọ sọ́dọ̀ àna lọ́wọ́ òfo. Mo se mọ́ínmọ́ín. Mọ́ínmọ́ín wo? Ẹlẹ́mìí méje! Mo fi ẹyin sí i, mo fi edé sí i, mo fi ẹja sí i, mo fi ẹran màlúù inú agolo sí i, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà ńlá, mo wọ́ ọ wọ ibi ìdáná tẹ́ńpìlì àwọn ẹni tí kì í jẹ ẹyin. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yọ̀ mọ́ mi. Wọ́n ti mú abọ́ jáde kí wọ́n pín in fún gbogbo èèyàn. Ammá ló fọgbọ́n bi mí pé, “Sister, only beans?” Mo fi ìyangàn ka gbogbo ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí màlúù, mo rí ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ohun mímọ́ ni màlúù lọ́dọ̀ wọn. Ammá bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo kúlà náà bí ìgbà tí wọ́n bá fi aṣọ bo ọmọ tó ń sùn, ó sì bá mi tì í padà sí ìdí mọ́tò mi. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Mo ti ń pa òwe náà fún ọ láti kékeré, kò sì wọ etí tèmi.

Nínú ilé níbẹ̀, àlùfáà wọn jáde, kò wọ ẹ̀wù, ó ró aṣọ funfun. Ó ń béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbàdúrà fún. Nígbà tó kan Ammá, ó ní, “Ayọ̀mídé.” Àlùfáà pè é, kò pè é dáadáa. Ammá dá a dúró. Ó ní rárá, ó ní “Ayọ̀-mí-dé,” ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tó yẹ. Ìwọ tí o bí ọmọ kì í pè é tó bẹ́ẹ̀! Àlùfáà tún un pè, ó sì gún régé. Ó wá béèrè pé ta ló kù. Ammá nawọ́ sí mi, ó ní, “Morẹ́nikẹ́. Her blood pressure.”

Orúkọ mi! Orí mi wú. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, “Jésù Olúwa, Ìwọ ló ni mí o, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n pè é.” Ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Obìnrin yìí ń ru ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ síwájú ohun tó gbà gbọ́, èmi tí mo sọ pé ọmọ mi kò ní bá a gbé báàgì.

Lẹ́yìn náà ni a jókòó, tó wá sọ ti ẹ̀jẹ́ náà fún mi láti ẹnu ara rẹ̀. O rántí ìgbà tí o bí Mídé ṣáájú àkókò, tí wọ́n fi í sínú àpótí gíláàsì, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ju ìka mi lọ. Ammá ní ẹ̀gbẹ́ àpótí náà ni òun ti sọ fún ẹni tí òun ń sìn pé, “Dá ọmọ yìí sí, kí O gba irun mi.” Irun rẹ̀, Ìbùkún! Irun tó dé ìbàdí, tó ń fi òróró àgbọn pa láti ìgbà ọmọdébìnrin, tí gbogbo wa ń wò tí a ń ṣe ojúkòkòrò. Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò fá lórí òkè yẹn. Ó di irun náà mú lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í pé ṣé kò ní dùn ún. Ó ní, “Hair is hair, Sister. Boy is boy.”

Ọjọ́ tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn, níbo ni èmi wà? Mo wà nínú mọ́tò ní parking lot ọsibítù kan náà, ebi ààwẹ̀ ń pa mí, mo ń sọ pé, “Olúwa, bí O bá dá a sí, màá gbé e wá sí iwájú pẹpẹ Rẹ, màá sì jó níṣojú gbogbo ìjọ.” Ìyá méjì, ọmọ kan. Mo san tèmi. Ta ló bá mi jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà? Ammá ni. Ó wọ sárì, ó fi orúnkún tó ń dùn ún jó dé iwájú pẹpẹ, ó ń pàtẹ́wọ́ níbi tí orin kò sí. Kò sẹ́ni tó rò pé ó fẹ́ di ìyá ìjọ. Gbogbo wa mọ̀ pé nítorí ọmọ ló ṣe wá. Báwo ni màá ṣe gba ijó lọ́wọ́ rẹ̀, kí n wá fi ẹsẹ̀ rẹ dù ú?

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, Mummy Gbénga, gbọ́, ó sì wá bá mi. Ó ní, “Ẹ fẹ́ jẹ́ kí ọmọ yín lọ ilé òrìṣà?” Mo ní, “Mummy Gbénga, lọ́jọ́ tí àna mi jó wá síwájú pẹpẹ, ta ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún un? Ṣé ẹ̀yin kọ́?” Ó ní òun ni. Mo ní ó dáa. A wá sọ̀rọ̀ lórí iye ìrẹsì tí a máa sè fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ.

Ní báyìí, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Àkọ́kọ́, má purọ́. Kiran sọ fún mi pé ní Tirupati, wọ́n máa ń ní kí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn fọwọ́ sí ìwé pé òun gba ọlọ́run ibẹ̀ gbọ́, kó tó wọlé lọ wò ó. Ilé wọn ni, òfin wọn ni, n kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ kò gbà á gbọ́, má sì fọwọ́ sí i nítorí pé ojú ń tì ọ́ tàbí nítorí pé àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ. Ẹni tó fi irọ́ wọ ilé ọlọ́run ẹlòmíràn ti tàbùkù sí onílé, ó sì ti tàbùkù sí Ọlọ́run tirẹ̀. Rẹ́rìn-ín, kí o dúró síta. Àbúrò Ammá obìnrin tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ ni yóò mú un wọlé. Ìwọ, jókòó ti bàtà rẹ̀ àti oògùn rẹ̀, kí ó bá ọ níbi tó fi ọ́ sí nígbà tó bá jáde. Ẹni tó sin ni dé ẹnu ọ̀nà ti sin ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nílé wa. Ìyá bàbá mi, Alhaja, Mùsùlùmí ni, ìyá mi sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Alhaja ń lọ sí Mẹ́kà, ta ló dín ẹran tó gbé lọ? Ìyá mi ni. Ta ló sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, tó so ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ tó já? Ìyá mi náà ni. Ó dúró níbi tí àwọn tí kò lọ ń dúró sí, ó juwọ́ sí i, ó padà sílé, ó sì lọ kọrin ní Sunday. Nígbà tí Alhaja dé, gbogbo wa jẹ dàbínù. Kò sẹ́ni tó yí padà. Ìyá mi kú sínú Jésù, Alhaja sì ló sunkún jù nígbà tí a ń sìnkú rẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ arúgbó. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n èmi ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ju ọ́ lọ. Oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n ń jù sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, gbé e lọ́wọ́. Ti wheelchair ní pápákọ̀, á ní òun kò fẹ́. Má bá a jiyàn. Ìwọ ni kí o jókòó sínú rẹ̀, kí o ní ó rẹ̀ ọ́, kí o máa mí gúlegúle. Kò ní pẹ́ tí yóò fi lé ọ dìde, tí yóò ní òun ló yẹ kó jókòó. Ọgbọ́n yìí kì í tàsé.

Ti bàtà. Má wọ bàtà olókùn. Gbogbo ibi tí ẹ bá dé ni ẹ ó ti bọ́ bàtà. Èmi wọ bàtà tó ga, tó ní sípì, lọ sí tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ Sátidé, sípì náà sì há. Ammá ló ń fà á ní ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo èèyàn, èmi àna! Nígbà tó jàjà bọ́, ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu, àtàǹpàkò mi yọjú, ó ń kí wọn. Wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ dáadáa.

Má di ẹrù bí mo ṣe dì í nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sí Atlanta. Ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ló kún inú àpótí mi, nínú òtútù, léèsì ni mo sì wọ̀. Daddy rẹ tó wá pàdé mi bọ́ kóòtù rẹ̀ fún mi, òun ló wá ń gbọ̀n. Ooru ló wà ní ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Mú aṣọ tó fẹ́lẹ́, tó sì bo ara. Mú táwẹ́ẹ̀lì tó pọ̀, torí Ammá ní ní Rameswaram wọ́n máa ń fi korobá da omi kànga lé àwọn èèyàn lórí pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn wọn, láti kànga dé kànga, kí wọ́n lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ wọn nù. Ìwọ ló máa gbá a mọ́ra nígbà tí òtútù bá mú un.

Oúnjẹ ńkọ́? Má tọ́jú ẹran sábẹ́ aṣọ. Mo mọ̀ ọ́. Mú gààrí àti kúlíkúlí, wọn kò lẹ́mìí. Ti àdídùn rìbìtì tí wọ́n ń fún èèyàn nínú tẹ́ńpìlì, bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, má ṣe fajú ro, má sì jù ú nù. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí o gbé e wá fún Kiran. Ibi tí o kò bá mọ, béèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí mo bá ti béèrè, n kì bá tí ru màlúù lọ.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ó ku ti irun.

Irun tìrẹ, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Má jẹ́ kí àánú mú ọ jókòó síwájú abẹ. Yàtọ̀ sí ti ìgbàgbọ́, orí Daddy rẹ ni o jogún, Àṣàkẹ́, orí yẹn kì í ṣe ohun tí à ń tú síta. Mídé náà yóò dúró lọ́dọ̀ mi níbí, ọ̀nà náà jìn fún un. Bí Kiran bá ní àwọn fẹ́ fá irun ìkókó rẹ̀ bí ẹ bá dé, ẹ̀yin òbí rẹ̀ ni kí ẹ jókòó sọ ọ́. Ìdílé bàbá mi fá tèmi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó sì hù padà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fá ti Ammá, má fi fóònù yà á. Má sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí o dúró nítòsí, dúró níbi tó ti lè rí ọ. Ó ní irun kò já mọ́ nǹkan, èmi sì rí bó ṣe dì í mú. Obìnrin ni mí, mo mọ̀. Bó bá fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó bọ́rọ́, tí ojú rẹ̀ yí padà, pe orúkọ Mídé sí i létí. Kí o pè é dáadáa o, bí òun ṣe ń pè é.

Ó yá, mo ti sọ̀rọ̀ tó. Kí Ọlọ́run tí mo fi ọ́ fún láti inú oyún ṣáájú yín lọ, kí Ó tì yín lẹ́yìn bọ̀. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ. Orúnkún Ammá yóò gbé e gun òkè, yóò sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé. Pe Ammá báyìí, kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí. Sọ fún un pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo ti mú gèlè aláwọ̀ osùn mi tó dáa jù jáde fún un. Gèlè kì í dúró lórí fífá, ó máa ń yọ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí irun wọn re lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ fi fìlà òwú sábẹ́ rẹ̀. Ní Sunday àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, màá wé e fún un fúnra mi, yóò sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú Mídé lẹ́sẹ̀. Mo mọ àwọn èèyàn wa. Bí wọ́n bá rí i lábẹ́ gèlè pé ó fá orí, wọn yóò tẹ ohùn wálẹ̀, wọn yóò bi mí pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta ló kú?” Màá gbé Mídé sókè kí gbogbo wọn rí i. Màá ní kò sẹ́ni tó kú o, ẹni tó yè rèé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ti dákẹ́ ariwo.